Lẹ́tà sí Màmá ìjọ wa, kí wọ́n tó ṣí yàrá kánsẹ́lìn

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta mà, Màmá wa. Mo kúnlẹ̀ kí yín láti ibi tí mo wà, ẹ bá mi kí Dádì náà.

Mo mọ̀ pé ó máa yà yín lẹ́nu pé èmi ni mò ń kọ̀wé, pàápàá pé gbangba ni mò ń kọ ọ́ sí, torí ọmọ tí wọ́n bá kọ́ dáadáa, ìdákọ́ńkọ́ ló ti máa ń bá àgbà sọ irú ọ̀rọ̀ báyìí. Mo ti gbìyànjú ìyẹn o. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo kọ ọ́ ránṣẹ́ sórí fóònù yín, àmì búlúù méjì yẹn jáde pé ẹ ti kà á, ẹ ò fèsì. Mi ò bínú. Ọ̀rọ̀ ọ̀hún ló kàn ti wá kọjá èmi àtẹ̀yin báyìí, torí lọ́sẹ̀ tó kọjá ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi fi póstà kan ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp, àwòrán yín àti ti Dádì ló wà níbẹ̀, wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà pé ìjọ fẹ́ ṣí yàrá kánsẹ́lìn, "Ẹ wá sọ ohun tó ń dùn yín, àṣírí yín bò." Mo ka "àṣírí yín bò" yẹn, mo gbé fóònù sílẹ̀, mo tún gbé e, mo tún kà á.

Màmá, ṣé ẹ rántí?

Oyún kẹta ló ṣẹ̀ṣẹ̀ bàjẹ́ lára mi nígbà yẹn. Mo wá bá yín nílé, ẹ fún mi lómi tútù, ẹ gbá mi mọ́ra, mo sunkún débi tí mo fi sọ ohun tí mi ò tíì sọ fún ọkọ mi pàápàá, pé mi ò lè gbàdúrà mọ́, àti pé bí mo bá rí aboyún, nǹkan kan máa ń dìde nínú mi tó jọ ìkórìíra, ẹ̀rù ara mi wá ń bà mí. Ẹ ní kí n fọkàn balẹ̀, pé ó kù sáàárín èmi àtẹ̀yin àti Ọlọ́run. Mo délé lálẹ́ ọjọ́ yẹn mo sùn, ìgbà àkọ́kọ́ tí mo sun oorun àsùnwọra láàárín oṣù méjì nìyẹn. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má fo ibí yìí o, mi ò fẹ́ kẹ́ ẹ rò pé mò ń sọ pé ẹ ò ṣe mí lóore. Ẹ ṣe é. Etí tẹ́ ẹ fún mi lọ́jọ́ yẹn, òun ló jẹ́ kí ohun tó tẹ̀ lé e dùn mí tó bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́rú tó tẹ̀ lé e, níbi àdúrà àwọn obìnrin, ẹ gba máíìkì, ẹ ní ká gbàdúrà fún arábìnrin kan láàárín wa tí oyún ń bàjẹ́ lára ẹ̀, tí ọ̀tá ti wá ń lo ọgbẹ́ ọkàn ẹ̀ débi pé inú ẹ̀ kì í dùn tó bá rí aboyún. Ẹ ò dárúkọ. Mo mọ̀ pé ohun tẹ́ ẹ máa sọ nìyẹn, pé ẹ ò dárúkọ. Àmọ́ obìnrin mélòó ló wà níbẹ̀, Màmá? Ká sọ pé a pọ̀ gan-an, a ò ju ogójì lọ. Ta ni ò mọ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ọsibítù dé nínú wa? Kò sẹ́ni tó yíjú wò mí, ìyẹn gan-an ni mo fi mọ̀ pé gbogbo wọn ti mọ̀, torí ojú lọ̀rọ̀ wà, ojú tí wọ́n sì ń fi tipátipá gbé sílẹ̀ yẹn, ọ̀rọ̀ ló kúnnú ẹ̀.

Lẹ́yìn bí oṣù kan, níbi ìkómọ kan ládùúgbò, wọ́n ń gbé ọmọ yí ká, ó kàn mí, mo nawọ́, àǹtí kan tí mo fẹ́ràn gan-an ló bá já ọmọ gbà kó tó dọ́wọ́ mi, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ní ọmọ fẹ́ mu ọmú. Ọmọ tó ń sùn. Mo jókòó síbẹ̀ mo jẹ ìrẹsì mi tán pátápátá kí wọ́n má baà ní mo bínú lọ. Ẹ̀yin rò pé iṣẹ́ ni ò jẹ́ kí n máa wá sí ìjọ mọ́.

Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé irú ẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí obìnrin tó jẹ́ pé orí ẹ̀ ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí gan-an. Mo ti wà nílé ẹ̀kọ́ o, kẹ́ ẹ má rò pé orí afẹ́fẹ́ ni mo ti ń sọ̀rọ̀, mo forúkọ sílẹ̀ láti kọ́ kánsẹ́lìn, ọdún kejì mi rèé, ibẹ̀ ni mo ti bá obìnrin ọ̀hún pàdé nínú ìwé. Ìlú Vienna ni, láti 1880, ọmọbìnrin kan ń tọ́jú bàbá ẹ̀ tó ń ṣàìsàn, òun náà bá dùbúlẹ̀, apá ẹ̀ rọ, ó tiẹ̀ dé ìgbà kan tí èdè ìlú ẹ̀ gan-an kúrò lẹ́nu ẹ̀, òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì nìkan ló ń sọ. Dókítà Josef Breuer ló ń lọ kí i, kò sì sóògùn gidi kan tó rí fún un, ó kàn ń jókòó tì í kó máa sọ̀rọ̀, bó bá ti sọ̀rọ̀ tán, ara á tù ú díẹ̀. Ọmọbìnrin yẹn fúnra ẹ̀ ló sọ ọ́ lórúkọ pé ìwòsàn ọ̀rọ̀ sísọ nìyí. Nígbà tó di 1895, Breuer àti dókítà ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ kan, Freud, ẹni tó wá gbajúmọ̀ pé ó máa ń wá gbòǹgbò ìṣòro èèyàn lọ sí ìgbà èwe ẹ̀, gbé ọ̀rọ̀ ẹ̀ sínú ìwé. Wọ́n yí orúkọ ẹ̀ padà o! Wọ́n pè é ní Anna O. Ọmọbìnrin yẹn wá gbérí lẹ́yìn ọdún púpọ̀, ó di èèyàn ńlá, òun ló dá ẹgbẹ́ àwọn obìnrin Júù sílẹ̀ ní Jámánì lọ́dún 1904, ó kú ní 1936 láì sọ fáyé pé òun ni Anna O. Ó di 1953, Ernest Jones ń kọ ìtàn ìgbésí ayé Freud, ó bá kọ orúkọ ẹ̀ síbẹ̀ gbàgàdà, Bertha Pappenheim. Gbogbo ayé wá mọ̀. Ẹ tún wo orúkọ tí wọ́n fi bò ó yẹn, A ló ṣáájú B, O ló ṣáájú P, ìbòjú yẹn fẹ́lẹ́ bíi ti "arábìnrin kan láàárín wa."

Ẹ má bínú sí ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, ẹ mọ̀ pé Kristẹni ni mí. Àwọn bàbá wa tó máa ń lọ sọ́dọ̀ babaláwo, bí wọ́n bá débẹ̀, owó ni wọ́n máa ń sọ ọ̀rọ̀ ọkàn wọn sí, wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, wọ́n á gbé owó yẹn sílẹ̀ fún Ifá, babaláwo tó jókòó síwájú wọn ò sì ní gbọ́ ohun tí wọ́n sọ. Mi ò ní kẹ́ ẹ lọ dífá. Mo kàn ń rò ó ni pé àwọn tí à ń pè ní aláìmọ̀kan ti mọ̀ pé ó níye ibi tó yẹ kí ọ̀rọ̀ ẹni dé.

Ọ̀rẹ́ mi kan ló mú mi lọ bá kánsẹ́lọ̀ ní ọsibítù kan n'Ìbàdàn níbí. Màmá, kí n tó ṣí ẹnu rárá, obìnrin yẹn lo bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó fi ń ṣàlàyé ohun tó máa ṣe sí ọ̀rọ̀ mi fún mi. Ta ló máa rí fáìlì mi. Ibo ló ń tì í mọ́. Pé òun ní ọ̀gá kan tí òun ń jíṣẹ́ iṣẹ́ òun fún, pé tí òun bá ní láti sọ nípa mi níbẹ̀, kò ní sí orúkọ, kò sì ní sí àmì tí wọ́n lè fi dá mi mọ̀. Ó ní bí a bá pàdé lọ́jà òun ò ní kọ́kọ́ kí mi, àfi tí èmi bá kí òun. Ó ní mo lè ní mi ò ṣe mọ́ nígbàkigbà. Lẹ́yìn náà ló wá sọ ibi tí àṣírí yẹn ti máa ń já: bí mo bá fẹ́ para mi, bí mo bá fẹ́ pa ẹlòmíì, bí wọ́n bá ń fìyà jẹ ọmọdé, tàbí bí kóòtù bá pàṣẹ. Mo bi í pé kí ló dé tẹ́ ẹ fi ń sọ èyí fún mi, ó ní kí n lè mọ ohun tí mò ń wọnú ẹ̀ ni.

Ọ̀rọ̀ ẹni tó fẹ́ pààyàn yẹn, ẹjọ́ kan ló gbé e dé gbangba. Ní yunifásítì California ní Berkeley, lọ́dún 1969, akẹ́kọ̀ọ́ kan tó ń jẹ́ Prosenjit Poddar sọ fún tẹ́rápísìtì ẹ̀, ìyẹn ẹni tó ń tọ́jú ọkàn ẹ̀, pé òun máa pa ọmọbìnrin kan. Tẹ́rápísìtì fi tó ọlọ́pàá ọgbà ilé ẹ̀kọ́ létí, wọ́n mú un, wọ́n bi í léèrè, wọ́n ní orí ẹ̀ pé, wọ́n tú u sílẹ̀. Kò sẹ́ni tó sọ fún ọmọbìnrin náà, Tatiana Tarasoff, tàbí àwọn òbí ẹ̀. Brazil ló wà lásìkò yẹn. Nígbà tó padà dé, Poddar pa á lóṣù October. Àwọn òbí ẹ̀ gbé yunifásítì yẹn lọ kóòtù, nígbà tó sì di 1976, kóòtù tó ga jù ní California ní ààbò tí wọ́n ń fún àṣírí, ibi tí ewu bá ti bẹ̀rẹ̀ fún ẹlòmíì ló ti parí. Ẹ rí i báyìí, kì í ṣe pé àṣírí ò gbọ́dọ̀ jáde láéláé. Ó lójú ẹnu ọ̀nà tó lè gbà jáde, ó lẹ́ni tó yẹ kó dé ọ̀dọ̀ ẹ̀, ẹni yẹn kì í sì í ṣe àwọn obìnrin ogójì lọ́jọ́ Ọjọ́rú.

Èyí tó kan ẹni tó fẹ́ para ẹ̀, ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ ṣọ́ra gan-an. Criminal Code wa, ìwé òfin tó wà fún ìwà ọ̀daràn, lápá 327 sọ pé ẹni tó bá gbìyànjú láti gbẹ̀mí ara ẹ̀ lè fẹ̀wọ̀n ọdún kan jura. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá wá bá yín, tẹ́ ẹ kó ọ̀rọ̀ ẹ̀ fún gbogbo ìjọ, ẹ ò mọ ibi tó máa balẹ̀ sí. Dókítà àti ẹbí ẹ̀ tó ṣeé fọkàn tán ni kẹ́ ẹ wá, kíá.

Ó dáa, ẹ jẹ́ n sọ ohun tí wọ́n ṣe fún mi, torí mo mọ̀ pé ẹ̀ẹ́ fẹ́ mọ̀, ẹ̀yin fúnra yín ni ẹ máa ń sọ pé kí ni wọ́n máa ń ṣe níbẹ̀ ná tó yàtọ̀ sí pé kí wọ́n máa wo èèyàn lójú.

Òótọ́ ni, wọ́n wò mí lójú. Ìgbà mẹ́rin àkọ́kọ́, obìnrin yẹn ò gbà mí nímọ̀ràn kankan. Èmi tí mo ti mọ́ra pé bí mo bá ti sọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú méjì, wọ́n á ti fún mi ní ẹsẹ Bíbélì mẹ́ta àti ọjọ́ ààwẹ̀ méje, mo rò pé kò mọ iṣẹ́ ni. Á gbọ́, á dákẹ́, á wá tún ọ̀rọ̀ mi sọ padà fún mi bí òun ṣe gbọ́ ọ, èmi á ní "rárá, kì í ṣe bẹ́ẹ̀," bí mo ṣe ń ṣàtúnṣe ọ̀rọ̀ yẹn ni mò ń gbọ́ ara mi. Ọ̀nà Carl Rogers nìyẹn, ará Amẹ́ríkà kan tó jẹ́ onímọ̀ nípa ọkàn èèyàn. Ní 1957 ó kọ ọ́ pé kí èèyàn tó lè yí padà, ẹni tó jókòó tì í gbọ́dọ̀ gbà á bó ṣe wà láì dá a lẹ́jọ́, kó gbìyànjú láti rí ayé bí ẹni náà ṣe ń rí i, kó má sì díbọ́n. Ó jọ ohun tó rọrùn, àbí? Ẹ gbìyànjú ẹ̀ wò pẹ̀lú ẹni tó bá sọ fún yín pé òun ò gbàdúrà mọ́.

Lẹ́yìn náà ni ìwé wọ̀ ọ́. Ó ní bí ọkàn mi bá ṣàdédé bàjẹ́, kí n kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sílẹ̀, kí n kọ ọ̀rọ̀ tó sáré gba ọkàn mi kọjá lákòókò yẹn. Mo kọ ọ́. "Ibojì ni ikùn mi." Mi ò mọ̀ pé mo ti ń sọ ọ́ sí ara mi lójoojúmọ́ àfìgbà tí mo rí i lórí ìwé pẹ̀lú ọwọ́ ara mi. Aaron Beck ló gbé ọ̀nà yìí kalẹ̀ ní Philadelphia ní nǹkan bí 1960 sókè, ẹni tí wọ́n fi ọ̀nà ti Freud kọ́ ni tẹ́lẹ̀, ó wá kíyè sí i pé yàtọ̀ sí ohun táwọn aláìsàn òun ń sọ jáde, èrò kan tún wà tó ń sáré kọjá lábẹ́ ẹ̀ tí wọn kì í sọ. (Ẹni ọgọ́rùn-ún ọdún ni nígbà tó kú ní 2021.) Ẹ jọ̀ọ́ o Màmá, ẹ má kà á mọ́ kọ̀nfẹ́ṣàn tí à ń ṣe láàárọ̀, pé kí n máa pariwo "mo ti bímọ, mo ti bímọ." Kò sọ pé kí n parọ́ fún ara mi. Bí adájọ́ ló ṣe ní kí n ṣe, kí n wá ẹ̀rí tó gbe ọ̀rọ̀ yẹn àti ẹ̀rí tó ta kò ó, ó sì bi mí pé bí àbúrò mi ló bá sọ irú ẹ̀ fún mi ńkọ́, kí ni mo máa fi dá a lóhùn? Mo bú sẹ́kún.

Ọ̀rọ̀ àwọn aboyún yẹn, òun ló gba àkókò jù. Obìnrin yẹn ló jẹ́ kí n rí i pé ohun tí mò ń pè ní ìkórìíra yẹn, ẹ̀rù ni. Ẹ̀yin pè é ní iṣẹ́ ọ̀tá, èmi pè é ní ìwà burúkú, àwa méjèèjì ò gbà á. Ẹ̀rù ni, ohun tí wọ́n sì máa ń ṣe sí ẹ̀rù ti wà tipẹ́. Lọ́dún 1924 Mary Cover Jones kọ̀wé nípa ọmọkùnrin kékeré kan, Peter, tí kò tíì pé ọdún mẹ́ta, tó ń bẹ̀rù ehoro. Wọ́n á máa fún un ní nǹkan dídùn jẹ, wọ́n á gbé ehoro sí ọ̀ọ́kán, lọ́jọ́ kejì wọ́n á sún un mọ́ ọn díẹ̀, wọ́n tún sún un mọ́ ọn, títí ọmọ fi ń fọwọ́ pa ehoro lára. Bí wọ́n ṣe ṣe mí náà nìyẹn, ẹ lè rẹ́rìn-ín. Àwòrán aboyún lórí kàlẹ́ńdà ni mo kọ́kọ́ ń wò. Lẹ́yìn náà mo ń gba Dùgbẹ̀ kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta nǹkan ọmọ, òdìkejì títì ni mo kọ́kọ́ ń gbà, ó wá di ẹ̀bá ẹ̀, ó wá di ọjọ́ tí mo wọlé, mo ra ìbọ̀sẹ̀ kékeré kan, àyà mi ń lù kìkì. Ìbọ̀sẹ̀ yẹn ṣì wà lọ́wọ́ mi.

Ó tún bi mí nípa orúkọ mi. Ẹ mọ orúkọ mi, orúkọ àbíkú ni, ìyá mi sin ọmọ méjì kí wọ́n tó bí mi. A lo bí oṣù méjì lórí ìyẹn nìkan, lórí irú ilé tí wọ́n ti ń yọ́ wo ọmọ lóru bóyá ó ṣì ń mí, àti ohun tí ọmọ náà máa mọ̀ nípa ayé kó tó mọ̀rọ̀ sọ. Ìyẹn súnmọ́ ọ̀nà ti Freud, mi ò sì ní sọ púpọ̀ nípa ẹ̀ torí ìyá mi ṣì wà láyé, ọ̀rọ̀ wọn ló wà níbẹ̀, kì í ṣe tèmi nìkan.

Mi ò tíì bímọ o. Kẹ́ ẹ má rò pé ibi ẹ̀rí ni lẹ́tà yìí ń lọ. Mo ti lè gbé ọmọ ọlọ́mọ, mo ti ń sùn, mo sì ti ń gbàdúrà díẹ̀díẹ̀.

Ẹ má jẹ́ ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé mò ń ní kí ìjọ má ṣe kánsẹ́lìn. Ìjọ ló tiẹ̀ mú un wọlé. Àwọn sístà Kátólíìkì ní St. Theresa's College, Òkè-Àdó níhìn-ín n'Ìbàdàn, ní 1959, àwọn ni wọ́n pe àwọn onímọ̀ wá bá àwọn ọmọbìnrin tó fẹ́ jáde níwèé sọ̀rọ̀ nípa iṣẹ́, ibẹ̀ ni wọ́n máa ń tọ́ka sí pé kánsẹ́lìn ilé ìwé ti bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà. Ní Àrò l'Ábẹ́òkúta náà, láti 1954, Dókítà Lambo, oníṣègùn ọpọlọ, ní káwọn aláìsàn máa gbé pẹ̀lú ẹbí wọn láwọn abúlé tó yí ọsibítù ká, ó sì ń bá àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ ṣiṣẹ́. Bí dókítà bá lè bá adáhunṣe jókòó, dókítà á bá yín náà jókòó. Torí ẹ̀ ni mo ṣe ń bẹ̀ yín pé ẹni tó bá ń gbọ́ ohùn tẹ́nìkan ò gbọ́, tàbí tí kò sùn fún ọjọ́ márùn-ún, ẹ má tì í mọ́ yàrá fún ààwẹ̀. Ẹ gbàdúrà fún un nínú mọ́tò tẹ́ ẹ bá ń gbé e lọ sí Àrò tàbí UCH.

Àwọn nǹkan kan tún ń jẹ mí lọ́kàn nípa póstà yẹn. Wọ́n ní kí ẹni tó bá fẹ́ wá lọ gba nọ́ńbà lọ́wọ́ sẹ́kẹ́tírì, kó kọ orúkọ àti "irú ìṣòro" sínú rẹ́jísítà. Ta ló ń ka rẹ́jísítà yẹn, Màmá? Dádì tún ni wọ́n kọ pé ó máa gbọ́ ti àwọn òṣìṣẹ́ ìjọ, Dádì kan náà tó ń yan ẹni tó máa di díákónì. Ta ló fẹ́ sọ fún ẹni tó máa gbé e ga pé òun ń mutí lóru? Kì í ṣe pé Dádì burú, ìjókòó méjì ni wọ́n gbé fẹ́nì kan. Ti àwọn arákùnrin tó máa jókòó ti àwọn ọmọbìnrin nínú yàrá yẹn, mi ò ní fa ọ̀rọ̀ gùn, ẹgbẹ́ àwọn kánsẹ́lọ̀ Amẹ́ríkà kọ ọ́ sínú òfin wọn pé kánsẹ́lọ̀ ò gbọ́dọ̀ bá ẹni tó ń tọ́jú ní ọ̀rọ̀ ìfẹ́, títí ọdún márùn-ún lẹ́yìn tí iṣẹ́ ti parí láàárín wọn. Ọdún márùn-ún. Ní ìjọ wa, mo ti jẹ ìrẹsì ìgbéyàwó tí kò tó oṣù márùn-ún.

Mi ò ní kẹ́ ẹ tọrọ àforíjì lọ́dọ̀ mi lórí pẹpẹ, ẹ jọ̀ọ́, ìyẹn á tún fa ojú gbogbo wọn sára mi. Bó bá wù yín, ẹ pè mí.

Yàrá tí wọ́n ní wọ́n máa lò yẹn, tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi táwọn ọ́ṣà ń kó àga sí, mo mọ̀ ọ́n, páálí ni wọ́n fi gé e. Ìgbà tí mo wà nínú kwáyà, a máa ń gbọ́ bí Dádì ṣe ń húkọ́ níbẹ̀. Mo ti bá káfíńtà tó ṣe ilẹ̀kùn ilé wa sọ̀rọ̀, Mọ́kọ́lá ló wà, ó ní òun lè fi pákó gidi dí i, kí òun sì fi fóòmù sáàárín ẹ̀, iṣẹ́ ọjọ́ méjì ni. Èmi ni màá san owó ẹ̀. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ló láyè, ẹ kàn ní kí wọ́n ṣílẹ̀kùn fún un.

Ọmọ yín,
Ẹni tó máa ń jókòó ní ìlà kẹta, lápá òsì